Ilẹ̀kùn Tí Mo Tì

Bàtà òjò ni ìyàwó mi wọ̀ káàkiri ilé ní ọjọ́ tí a jọ wà kẹ́yìn. Bàtà rọ́bà gígùn ni, aláwọ̀ ewé, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé orúnkún. Ó rà á ní ọjà Ashton ní Sátidé tó ṣáájú, nígbà tí a lọ kí ọmọ wa obìnrin, ó sì ti pinnu pé òun kò ní gbé e dé ilẹ̀ Faransé láìjẹ́ pé ó ti rọ̀ mọ́ òun lẹ́sẹ̀. Ó ró ìró àdìrẹ rẹ̀, ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà òjò lábẹ́ rẹ̀, ó ń lọ láti kíṣìnì dé pálọ̀, láti pálọ̀ dé kíṣìnì. Mo wà ní yàrá òkè, mo ń kàwé, mo ń gbọ́ ọ: gbì, gbì, gbì.

"Ṣé sójà ló wọlé ni?" mo bi í láti òkè.

"Sójà ni," ó dá mi lóhùn. "Ó ní kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ wá fọ abọ́ tí ẹ fi jẹun."

Mo rẹ́rìn-ín, mo sì ṣí ojú ìwé tó kàn. N kò sọ̀ kalẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ ni, ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán. Kí aago márùn-ún tó lù, wọ́n ti sọ fún mi pé ó ti kú.

Iṣẹ́ ẹnjiníà ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì: ojú ọ̀nà, afárá, gọ́tà. Ẹni tó bá ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹlòmíràn lè rí ibi tí nǹkan ti yẹ̀. Ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti fẹ́ kọ èyí bẹ́ẹ̀. N óò bẹ̀rẹ̀ láti ara ògiri.

Olùkọ́ èdè Faransé ni ìyàwó mi. Yunifásítì nílé ló ti kọ́ ọ, wọ́n sì rán òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí ilẹ̀ Faransé fún ọdún kan gẹ́gẹ́ bí ara ẹ̀kọ́ wọn. Ọdún kan yẹn kò tán lára rẹ̀. Nígbà tí a kọ́kọ́ dé Manchester, Hulme ni a gbé, nínú àwọn ilé alájà gígùn tí wọ́n ti wó báyìí. Èmi ń kàwé, òun lóyún. Ògiri yàrá wa kì í gbẹ. Omi a máa sun lára rẹ̀ bí ẹni pé ó ń làágùn, nǹkan dúdú kan a sì hù sí i láti igun kan dé ìkejì. Bí a bá fọ̀ ọ́ lónìí, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ó ti padà. Ìyàwó mi gé àwòrán kan láti inú kàlẹ́ńdà, ó fi lẹ ojú ibi tó burú jù. Abúlé kan ní ilẹ̀ Faransé ni: ilé olókùúta kan, igi kan, ilẹ̀kùn aláwọ̀ búlúù. Nígbà tí a máa kó kúrò, ó yọ ọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ ti dúdú. Ó nù ún, ó mú un dání. Àwòrán náà tẹ̀lé wa dé Stretford, ara fíríìjì ló sì ń gbé láti ìgbà náà.

Torí náà, bí àwọn ènìyàn bá bi mí ohun tó gbé ará Iléṣà dé oko àwọn Faransé, mo mọ ìdáhùn. Ògiri tó ń rin ni.

A ti fẹ̀yìn tì tán kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilé náà ní tòótọ́. Ní àárọ̀ Sátidé, a ó jókòó sídìí tábìlì kíṣìnì, kọ̀ǹpútà yóò wà láàárín wa pẹ̀lú àkàrà àti ògì, ìyàwó mi yóò máa ka ohun tí àwọn èjẹ́ǹtì tó ń ta ilé kọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, yóò máa túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Tèmi ni láti wo fọ́tò kí n sì sọ ohun tó máa wó.

"Wọ́n ní ilé yìí ní ẹwà àtijọ́."

"Òrùlé rẹ̀ ti tẹ̀ láàárín. Wò ó."

"Wọ́n ní ibi tó dákẹ́ ló wà."

"Kò sí ọ̀nà tó débẹ̀ nìyẹn."

"Wọ́n ní ó ń retí ẹni tó máa fẹ́ràn rẹ̀."

"Kò ní ilé ìyàgbẹ́."

Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó wò mí. "Ẹ̀yin ọkùnrin yìí, ṣé bí ẹ ṣe wo èmi náà nìyí kí ẹ tó fẹ́ mi?"

"Ìpìlẹ̀ ni mo wò ní tìrẹ. Ó dúró dáadáa."

"Ẹ ṣeun. Ẹ jẹ àkàrà yín."

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó wà nílé, kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà rárá. A ti kọ́ ilé kan sí Iléṣà láti ọjọ́ pípẹ́, àwọn ni wọ́n ń bá wa mójú tó o. "Ilé kan wà níbí tí eku ń gbé," wọ́n wí lórí fóònù, "ẹ tún fẹ́ lọ ra òmíràn fún eku àwọn Faransé. Ṣé ibẹ̀ ni wọ́n sin ibi ọmọ yín sí ni?"

Ìyàwó mi gba fóònù lọ́wọ́ mi. "Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ ilé. Ẹ má bínú. Bí a bá rà á tán, ẹ óò wá lo oṣù kan lọ́dọ̀ wa, a ó máa bu wáìnì fún yín lórí oúnjẹ."

"Pupa ni àbí funfun?" ni wọ́n bi í.

Ní ọdún kejì tí a ti ń wá a, a wa mọ́tò wa wọ ọkọ̀ ojú omi, a lọ fojú ara wa wo ilé. Òun ló wakọ̀ ní òdìkejì, nítorí apá ọ̀tún ni wọ́n ń gbà níbẹ̀, ẹ̀rù sì bà mí. Ilé àkọ́kọ́, òrùlé rẹ̀ ti jábọ́ sínú yàrá. Ìkejì dára, ṣùgbọ́n oko ẹlẹ́dẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, ìyàwó mi sì fi ìbòrí rẹ̀ dí imú láti ìgbà tí a sọ̀ kalẹ̀ títí a fi padà sínú mọ́tò. Ẹ̀kẹta ni ilé tí mo ń kọ nípa rẹ̀ yìí.

Ìyá àgbà kan ló ni ín. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún dáadáa. Ọkọ wọn ti kú, ọmọ wọn sì fẹ́ kí wọ́n wá bá òun gbé ní ìlú. Wọ́n dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń nu ọwọ́ sára épírọ́ọ̀nù. Ìyàwó mi sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, ó rìn lọ bá wọn, ó sì kúnlẹ̀.

Bó bá ń kí àwọn òyìnbó tó dàgbà, kì í sábà kúnlẹ̀ tán. Yóò kàn tẹ orúnkún díẹ̀ ni, nítorí ó mọ̀ pé wọn kò mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ yẹn, bóyá ilé náà ló fà á, bóyá ọjọ́ orí ìyá náà, orúnkún rẹ̀ méjèèjì kan òkúta.

Ìyá àgbà náà figbe ta. Wọ́n rò pé ó ṣubú. Kí n tó ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò, wọ́n ti ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ abíyá rẹ̀, wọ́n ń fà á sókè, wọ́n ń pe èjẹ́ǹtì tó ń bá wọn ta ilé náà pé kó bu omi wá, kó gbé àga wá. Ẹ̀rín pa ìyàwó mi débi tí kò lè sọ̀rọ̀. Bó ṣe ń rẹ́rìn-ín tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n, bẹ́ẹ̀ ni ìyá náà ń dì í mú sí i, nítorí wọ́n rò pé gìrì ló mú un. Ó pẹ́ kó tó rí ẹnu ṣàlàyé pé ìkíni ni, pé bẹ́ẹ̀ ni àwa ṣe ń kí ẹni tó bá jù wá lọ.

Ìyá náà jókòó sórí àga tí èjẹ́ǹtì gbé wá fún ìyàwó mi. Àwọn náà ló mu omi tó bù fún un. Wọ́n sọ nǹkan kan, ìyàwó mi sì túmọ̀ rẹ̀ fún mi: "Wọ́n ní láti ọjọ́ tí àwọn ti dáyé, ẹni kan ṣoṣo tó kúnlẹ̀ níwájú àwọn ni ọkùnrin tó wá tún sítóòfù ṣe."

Wọ́n fúnra wọn ló mú wa yí ilé náà ká, wọ́n di ọwọ́ ìyàwó mi mú, èjẹ́ǹtì sì ń tẹ̀lé wa lẹ́yìn bí àlejò. Ilé olókùúta ni. Eérú ni àwọ̀ ilẹ̀kùn rẹ̀, kì í ṣe búlúù. "Kíkùn ni a ó kùn ún," ìyàwó mi wí. Kíṣìnì fẹ̀, ó sì ṣí sí ọ̀nà kékeré kan tó lọ sí yàrá ẹ̀yìn. Ilẹ̀kùn yàrá náà ti wú, ó ń ha ilẹ̀, ó há sí agbedeméjì. Mo ní láti fi èjìká tì í kí a tó wọlé.

"Iṣẹ́ yín nìyẹn," ìyàwó mi wí. "Ẹ óò fá a."

"N óò fá a."

Ó lọ sídìí fèrèsé. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ mi kan ògiri. Mo fi kan án lókè, mo fi kan án nísàlẹ̀ lẹ́bàá ilẹ̀, mo lọ sí igun, mo tún fi kan án. Ìyàwó mi ti yí padà, ó ń wò mí.

"Ó gbẹ," mo wí.

Ó kàn mi orí rẹ̀.

Níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń fọwọ́ sí ìwé ilé. Àkọ́kọ́ ni àdéhùn, a sì ṣe ìyẹn kí a tó padà sí Manchester. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan ni ìkejì, nígbà tí lọ́yà yóò ka gbogbo ìwé náà sókè níwájú ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń rà, kí wọ́n tó fi kọ́kọ́rọ́ lé ẹni tó rà á lọ́wọ́. Ẹni tí kò bá gbọ́ èdè náà gbọ́dọ̀ ní ògbufọ̀.

"Kò sí ìyọnu," ìyàwó mi wí. "Èmi ni ògbufọ̀ yín. Ẹ̀yin ẹ ṣáà máa mi orí bí ẹni tó gbọ́n."

Láàárín ìfọwọ́sí méjèèjì ni Ọjọ́bọ̀ yẹn bọ́ sí.

Ìró bàtà náà dúró. Mo ka ojú ìwé méjì sí i, bóyá mẹ́ta. Lẹ́yìn náà mo rántí abọ́, mo sọ̀ kalẹ̀. Ilẹ̀kùn pálọ̀ ṣí sílẹ̀ díẹ̀, mo sì rí i. Ó wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú àga, ó gbé orí lé apá rẹ̀ lórí tìmùtìmù, ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Ibẹ̀ ló ti máa ń gbàdúrà láti ọjọ́ tí a ti ra àga náà. Nílé wa, a kì í pe ẹni tó bá wà lórí ìkúnlẹ̀. Ọmọ wa mọ̀ ọ́n kó tó mọ ìwé kà. Mo di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú, mo yí i jẹ́jẹ́ kó má baà dún, mo tì í.

Mo lọ sí kíṣìnì, mo fọ abọ́. Mo fọ ìkòkò pẹ̀lú, mo nù wọ́n, mo kó wọn síbi tí wọ́n ń gbé. Mo nu orí sítóòfù. Mo gbé omi kaná fún tíì. Inú mi ń dùn sí bí ojú rẹ̀ yóò ṣe rí bó bá jáde wá bá kíṣìnì ní mímọ́. Omi hó. Mo dúró. Mo tún gbé e kaná. Nígbà tó tún tutù, mo lọ ṣí ilẹ̀kùn, mo sì pe ambulance.

Ohun tí mo rí, tí n kò sì rí, ni bàtà náà. Ó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ló kọjú sí mi, lébẹ́ẹ̀lì ọjà ṣì lẹ̀ mọ́ ti òsì. Ìyàwó mi kò gbàdúrà rí tòun ti bàtà. Bó jẹ́ sílípáàsì lásán, yóò bọ́ ọ kó tó kúnlẹ̀. Mo mọ èyí bí mo ṣe mọ orúkọ mi. Ojú mi rí bàtà, ọwọ́ mi sì ti ilẹ̀kùn.

Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ló dá iṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, pé ó ṣeé ṣe kó ti lọ kí n tó dé ẹnu ọ̀nà. Ó ṣeé ṣe, ó wí. Mo ti kọ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ sínú ìròyìn iṣẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà, mo mọ ìwọ̀n ẹrù tó lè gbé.

N kò sọ ti ilẹ̀kùn náà fún ẹnikẹ́ni. Àwọn ará ìjọ wá, wọ́n kún ilé, wọ́n jókòó sórí àga náà. Wọ́n ní ikú pẹ̀lẹ́ ló kú, pé orí àdúrà ni Ọlọ́run ti bá a. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Lẹ́yìn tí a sin ín, tí oníkálukú padà sílé rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ bàtà náà. Ọ̀sán ni, kì í ṣe òru, ní nǹkan bí aago mẹ́ta. Gbì, gbì, láti kíṣìnì lọ sí pálọ̀. Mo mọ̀ pé páìpù ni. Ọmọ mi pe ẹni tó ń tún bọ́ílà tó ń mú ilé wa gbóná ṣe, ó wá, ó tú afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ dànù, ilé dákẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rin. Ní ọjọ́ karùn-ún mo tún gbọ́ ọ. Mo ní kí ọmọ mi má pe ọkùnrin náà mọ́. Bàtà náà wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ambulance tò ó sí lẹ́yìn tí wọ́n bọ́ ọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mo máa ń lọ wò ó bóyá ó ṣì wà bí wọ́n ṣe tò ó. Ó máa ń wà bẹ́ẹ̀.

N kò ṣe nǹkan kan fúnra mi ní àkókò náà. Gílóòbù àtẹ̀gùn kú, mo ń táràrà gun òkè. Ọmọ mi ló ń wá láti Ashton, á gbé oúnjẹ sínú fíríìjì, á pààrọ̀ gílóòbù, á máa ti ilẹ̀kùn. Bó bá ti lọ, n óò tún ṣí wọn sílẹ̀.

"Daddy, kí ló dé tí gbogbo ilẹ̀kùn máa ń ṣí báyìí? Ẹ ń gbé heating jáde sí garden."

"Afẹ́fẹ́ ni mo fẹ́."

"Nínú oṣù February?"

Oṣù náà ni lẹ́tà lọ́yà dé. Ọmọ mi kà á fún mi. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ ní Faransé, ó sì kà á lóhùn ìyá rẹ̀, bí kò tilẹ̀ mọ̀. Lọ́yà náà bá wa kẹ́dùn. Ó ní nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀, mo lè yọwọ́, ọ̀rọ̀ yóò sì parí síbẹ̀. Bí mo bá sì fẹ́ ra ilé náà fúnra mi, kí n wá kí oṣù tó ń bọ̀ tó parí. Wọn kò tíì sọ fún ìyá tó ni ilé. Bí mo bá yọwọ́, wọn yóò fi lẹ́tà sọ ọ́ fún wọn. Ó fi kún un pé ìyá náà ń bi ìyàwó mi bóyá kí wọ́n fi àga ìta sílẹ̀ fún un.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ lẹ́tà náà, Daddy," ọmọ mi wí. "Kí lẹ fẹ́ máa dá ṣe níbẹ̀? Ẹ ò gbọ́ Faransé. Kíṣìnì gan-an, ẹ ò dé ibẹ̀ mọ́."

"Wọn kì í fi lẹ́tà túfọ̀ fún àgbàlagbà."

"Kí ló ń jẹ́ túfọ̀?"

"Kí wọ́n lọ sọ pé ènìyàn kú. Ẹnìkan ló máa ń lọ. Yóò wọlé, yóò jókòó, yóò kí wọn dáadáa kó tó sọ ọ́."

"Obìnrin Faransé ni, Daddy. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n rí Mummy."

"Ní ẹ̀ẹ̀kan yẹn náà, wọ́n gbé e dìde nílẹ̀."

Ó wò mí bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà sọnù lójú ọ̀nà. N kò ṣàlàyé. A gbà pé a ó jọ lọ. Mo máa sọ fún ìyá náà lójúkojú, mo máa fún lọ́yà ní ìwé ìyọwọ́, a ó sì padà. Ó bá mi kọ ìwé náà ní Faransé, mo fọwọ́ sí i, mo fi sí àpò inú kóòtù mi. Ní àárọ̀ tí a máa lọ, mo gbé bàtà òjò náà sẹ́yìn mọ́tò. Ó rí mi.

Lórí ọkọ̀ ojú omi ni mo ti sọ ti ilẹ̀kùn fún un. A ń mu kọfí nínú ife bébà. Mo sọ ọ́ bí mo ṣe kọ ọ́ síhìn-ín: abọ́, omi gbígbóná, lébẹ́ẹ̀lì. Ó ń yí ife rẹ̀ lórí tábìlì.

"Ẹ ti ilẹ̀kùn."

"Mo tì í."

"Torí ẹ rò pé wọ́n ń gbàdúrà."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ rántí ìgbà tí mo já wọlé bá Mummy lórí àdúrà, torí form school trip, tí ẹ ní kí n lọ jókòó sórí àtẹ̀gùn títí wọ́n fi ṣe àmín?"

"Mo rántí."

"Èmi náà ì bá tì í, Daddy. Bí ẹ ṣe tọ́ mi nìyẹn."

N kò mọ̀ bóyá ìtùnú ni tàbí ẹ̀sùn. Mo rò pé òun náà kò mọ̀. Ó gbé ife méjèèjì lọ dànù, ó padà wá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi, kì í ṣe iwájú mi mọ́.

Ìyá àgbà náà ṣí ilẹ̀kùn fún wa. Wọ́n kí wa, wọ́n wo ẹ̀yìn wa, wọ́n wo inú mọ́tò. Wọ́n mú wa wọ kíṣìnì, wọ́n gbé ife mẹ́rin jáde. Mo dúró títí wọ́n fi jókòó. Ọmọ mi ti kọ́ mi ní gbólóhùn náà, mo sì ti ń sọ ọ́ lábẹ́ ẹnu láti ìgbà tí a ti kúrò ní etí òkun. Mo sọ ọ́ fúnra mi. Kò gùn.

Wọ́n wò mí pẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n dìde, wọ́n fi ọwọ́ kan di etí tábìlì mú, orúnkún wọn sì tẹ̀.

N kò mọ̀ bóyá wọ́n ń ṣubú ni tàbí wọ́n ń kúnlẹ̀. N kò dúró kí n mọ̀. Àga tí mo jókòó lé ti dojú dé lẹ́yìn mi, ọwọ́ mi méjèèjì ti wà lábẹ́ abíyá wọn kí orúnkún wọn tó kan ilẹ̀. Wọ́n fúyẹ́. Mo ń gbọ́ èémí ara mi.

"Daddy," ọmọ mi wí, "ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Wọn ò ṣubú. Wọ́n ní àwọn ń kí yín bí Mummy ṣe kí àwọn."

Mo gbọ́. N kò fi wọ́n sílẹ̀. Ìyá náà fi àtẹ́lẹwọ́ lù mí láyà jẹ́jẹ́, wọ́n sọ nǹkan kan, ọmọ mi sì rẹ́rìn-ín pẹ̀lú omi lójú.

"Wọ́n ní ẹ ti wá mọ bó ṣe rí lára àwọn lọ́jọ́ yẹn."

Nígbà tí wọ́n jókòó tán, a mu kọfí náà. Ife kẹrin wà níbẹ̀, wọn kò gbé e kúrò.

Ní ọjọ́ kejì, ní ọ́fíìsì lọ́yà, ìwé méjì ló wà lórí tábìlì, nítorí ọkùnrin náà kò mọ èyí tí mo máa mú. Ìwé ìyọwọ́ mi wà nínú àpò kóòtù. Mo ní kó ka ti ilé. Ó kà á sókè níwájú èmi àti ìyá àgbà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, obìnrin ògbufọ̀ kan tí ó ti pè sílẹ̀ sì ń túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì létí mi, mo sì ń mi orí. Ọmọ mi ń wò mí láti ẹ̀gbẹ́. N kò lè sọ pé mo ní ìdí tí ẹnjiníà kan lè gbè lẹ́yìn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé, nínú gbogbo ilé tí mo ti wọ̀, ọ̀kan yìí ni mo ti tètè dé. Mo fọwọ́ sí i.

Ọmọ mi ní láti padà síbi iṣẹ́. Mo gbé e lọ sí ibùdó rélùwéè, mo sì wakọ̀ padà ní apá ọ̀tún ọ̀nà, jẹ́jẹ́, àwọn tó wà lẹ́yìn ń fun fèrè sí mi. Ìyá àgbà náà ti kó lọ sí ọ̀dọ̀ ọmọ wọn. Wọ́n fi àga ìta sílẹ̀, wọ́n fi ṣọ́bìrì kan àti ife mẹ́rin sílẹ̀.

Mo jókòó ní kíṣìnì. Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago mẹ́ta lù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fetí sílẹ̀. Ilé yìí kò ní bọ́ílà. Atẹ́gùn kan wọlé, nǹkan kan sì ha ilẹ̀ ní ọ̀nà yàrá ẹ̀yìn, ó dún gbì, ó dákẹ́. Mo lọ wò ó. Ilẹ̀kùn yàrá náà, tí mo fi sílẹ̀ ní agbedeméjì, ti tì.

Mo dúró níwájú rẹ̀. Mo mọ̀ pé kò sí ẹnikẹ́ni nínú yàrá náà. Mo kan ilẹ̀kùn. Mo pe ìyàwó mi, bí mo ṣe máa ń pè é, ẹ̀ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà mo fi èjìká tì í pẹ̀lú gbogbo agbára mi, ó ṣí, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú wọlé. Oòrùn wà lórí ilẹ̀. Ògiri gbẹ. Kò sí nǹkan míràn.

Mo ti mú ìfági wá láti Manchester, nítorí mo ti ṣèlérí pé n óò fá a. Mo wá ìṣó tó de ilẹ̀kùn mọ́ hínjì kí n lè tú u, n kò rí ọ̀kan. Mo kúnlẹ̀, mo wò ó dáadáa. Irin méjì péré ló dúró lára ògiri, ilẹ̀kùn sì kàn jókòó lé wọn. Bí wọ́n bá gbé e sókè tààrà, yóò jáde. Ó wúwo ju ohun tí ẹni ọjọ́ orí mi yẹ kó dá gbé. Mo lọ mú ṣọ́bìrì, mo ki ẹnu rẹ̀ bọ abẹ́ ilẹ̀kùn, mo fi òkúta kékeré kan tì í nídìí, mo fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ilẹ̀kùn gòkè. Mo di ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú, mo tún tẹ̀ ẹ́, ó sì bọ́ kúrò lórí irin méjèèjì, ó fara tì mí. A dúró bẹ́ẹ̀ títí èémí mi fi padà.

Mo fà á kọjá kíṣìnì, mo fà á jáde, mo gbé e ti ògiri ìta. N kò fá a. Mo lọ mú bàtà òjò náà lẹ́yìn mọ́tò, mo tò ó sínú yàrá ẹ̀yìn, lẹ́bàá ògiri. Mo fọ ife tí mo ti lò, mo sì jókòó. Láti ibi tí mo wà, kò sí nǹkan kan láàárín èmi àti yàrá náà.